Wọ́n Gbé Ọkọ̀ Tí Mo Ń Wá Lọ Fi Ya Fọ́tò

Inú ń bí mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti Ọjọ́rú ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́fun mi dáadáa. Mo ń ti Ògo-Olúwa bọ̀ ní Òṣogbo níbí, mo fẹ́ gba Òkè-Fìà lọ sílé, ni mo bá rí ọkọ̀ mi, Mazda MX-5, ọkọ̀ eléré kékeré ìjókòó méjì tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ṣí. Mo pè é ní ọkọ̀ mi, nítorí èmi ni mo ti ń wá a láti ọdún mẹ́ta. Ó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kan, wọ́n ta ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn lára bí ẹrù ìyàwó. Ọmọbìnrin kan gun orí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tòun ti bàtà gogoro, wọ́n ń yà á ní fọ́tò ọjọ́ ìbí. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ́! Páànù tí wọ́n dìídì ṣe ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ọkọ̀ má baà wúwo, òun ni wọ́n sọ di àga.

Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹnu mi wọ́. Ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn mi ń fun fèrè, ó ń bú mi, mi ò dá a lóhùn.

Àlájì ló fà á. Àlájì kan ń ta tọ́kunbọ̀ lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àìmọye ìgbà ni mo ti sọ fún un pé ọkọ̀ kékeré ni mo ń wá, tó fúyẹ́, tó ń sáré, tó jẹ́ jíà ọwọ́, tí owó rẹ̀ kò ní sọ mí di onígbèsè. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá sì kọjá, ohun kan náà ló ń sọ: “Baba Ìbejì, ẹ wá wo jíìpù.” Mi ò fẹ́ jíìpù! Kí ni mo fẹ́ fi jíìpù ṣe? Ṣé mo fẹ́ kó irin lọ sí Ìkìrun ni?

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló pè mí. Ó ní ohun tí mo ń wá ti dé, Mazda MX-5, ti 2007, láti Amẹ́ríkà, sítíárìn lápá òsì, jíà ọwọ́, mílíọ̀nù méje ààbọ̀. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Owó tí mo ti ń dá lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Àbéèrè, pẹ̀lú èyí tí mo yá lé e lórí, mílíọ̀nù méje ààbọ̀ géérégé ni. Mo rò pé Ọlọ́run ló ṣe é.

Láàárọ̀ Sátidé, èmi àti mẹkáníìkì mi ti dé ibẹ̀ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó gbálẹ̀ tán. Àlájì kò mú wa lọ wo ọkọ̀. Ó kọ́kọ́ mú wa yí jíìpù Highlander mẹ́ta po, ó ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń pa á dé, ó ní irú èyí ló bá ọmọlúàbí mu. Odindi wákàtí kan! Nígbà tó yá tí mo ní n ó máa lọ, ló tó mú wa lọ sẹ́yìn ọgbà. Ẹ ò ní gbà gbọ́ ohun tí mo rí. Wọ́n fún ọkọ̀ náà mọ́ ààrin jíìpù méjì àti ògiri, eruku bò ó, wọ́n sì gbé kúlà omi lé orí búùtù rẹ̀. Omi ń kán sílẹ̀ láti ara kúlà, ó ti la ọ̀nà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú eruku náà. Èmi fúnra mi ni mo gbé kúlà sílẹ̀, tí mo fi etí ẹ̀wù mi nu ibẹ̀.

Bátìrì ti kú. Àlájì pe ọmọ iṣẹ́ méjì kí wọ́n wá tì í. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́, ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi ń tì, ọkọ̀ sì ń lọ wẹ́rẹ́. Ẹ wá ti Highlander wò, ẹ máa pe gbogbo àdúgbò jáde! Mo wọlé jókòó, ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Mo tú ìdè òrùlé, mo fi ọwọ́ kan tì í sẹ́yìn, ojú ọ̀run wọlé tọ̀ mí wá. Igi jíà rẹ̀ kò gùn, ó bọ́ sí mi látẹ́lẹwọ́ bí ẹyin. Bí mo ṣe fẹ́ bọ́ sí jíà kejì, mi ò tíì rò ó tán tó ti dún “kẹ́”, ó ti wọlé. A wà á dé ìyànà kan, a yí padà. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Mo yí sítíárìn bí ẹní yí ojú aago, imú ọkọ̀ ti dé ibi tí mò ń wò. Mẹkáníìkì mi tó ti ń bá mi jiyàn láti ìdájí dákẹ́ lójijì, ó ní, “Ọ̀gá, ó ti yé mi wàyí.”

Ohun tó yé e yẹn ni kò yé ará ìlú yìí. Gbogbo wọn rò pé ọkọ̀ eléré ni ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bú ramúramù. Irọ́ ni! Ìwúwo ni ọ̀tá. Obìnrin tó ru igi ìdáná kì í fo kòtò, bó ti wù kó lágbára tó. Ọkọ̀ tó bá wúwo, bírékì rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi, táyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀, epo tó ń mu á pọ̀ sí i, tó bá sì dé kọ́nà, ńṣe ni yóò máa fẹ́ lọ ságbò tààrà. Nígbà tí Mazda gbé MX-5 àkọ́kọ́ jáde ní Chicago lọ́dún 1989, kò wọn 1,000 kílò, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì tó agbára ẹṣin 120 (horsepower). Camry Muscle tí ẹ ń pè ní ọkọ̀ kékeré yìí ń lọ sí bí i 1,500 kílò. Nígbà tó fi máa di 2016, MX-5 tí wọ́n ti ṣe ti pé mílíọ̀nù kan. Ẹ má tún wá sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó ń rà á.

Kí n padà sọ́dọ̀ Àlájì. A jókòó, mo ní kó mú ìwé wá. Ó ní mílíọ̀nù méjìlá ni. Mo ní, “Àlájì, méje ààbọ̀ lẹ pè fún mi ní Ọjọ́bọ̀.” Ó ní dọ́là ti lọ sókè. Láàárín Ọjọ́bọ̀ sí Sátidé! Ọkọ̀ tó ti wà nínú ọgbà yín, tí kúlà wà lórí rẹ̀, dọ́là wo ló tún ń bá a lọ sókè níbẹ̀? Mo bẹ̀ ẹ́. Mẹkáníìkì mi dọ̀bálẹ̀ fún un, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ èmi náà, èmi tí mo ti lé lógójì ọdún. A já a sí mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Mo ní kó gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè dúró dè mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Baba Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ta ló fẹ́ ra ọkọ̀ ìjókòó méjì ní Òṣogbo? Ẹ lọ kó gbogbo owó yín wá ní Mọ́ńdè.”

Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú ni àna mi yá mi ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ tó kù. Kó tó kà á fún mi, ó bi mí léèrè níwájú ìyàwó mi pé ibo ni àwọn ìbejì máa jókòó, ṣé orí òrùlé ni. Mo gbé e mì. Ní Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ, mo pe Àlájì. Ó ní wọ́n ti gbé e lọ lánàá. Ó ní ọmọ kan ló kó mílíọ̀nù mẹ́wàá wá lẹ́yìn ìrun Àsárì, kò béèrè ohunkóhun, kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àfi àwọ̀ rẹ̀ nìkan. Ó ní ọmọ náà kò tiẹ̀ mọ kilọ́ọ̀ṣì tẹ̀, wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ni. “Ẹ má bínú, ọjà ni.”

Ọjà ni! Jíà mẹ́fà, ẹ́ńjìnnì lítà méjì, ọkọ̀ tí wọ́n fi ọgbọ́n pín ìwúwo rẹ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn ní dọ́gbadọ́gba, ó dúró sójú kan báyìí, wọ́n ń fara tì í. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dúró títí epo inú rẹ̀ á fi bàjẹ́, tí táyà á fi di pẹlẹbẹ níbì kan.

Ó sì ń dùn mí gan-an, torí inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi. Volkswagen Ìjàpá ni bàbá mi ní, lára àwọn tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó lẹ́yìn 1975. Tíṣà ni bàbá mi. Owó oṣù tíṣà ló fi rà á! Kò ju bí i 800 kílò lọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, nínú àwọn kọ́nà ọ̀nà Ìlẹ́ṣà, bàbá mi á ní kí n di ìlẹ̀kùn mú, á sì máa rẹ́rìn-ín. Tíṣà wo ló lè ra irú ẹ̀ lónìí? Lítà epo tí kò tó 200 náírà kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ ní oṣù karùn-ún 2023, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé ló ti fò kọjá 450. Ẹni tó ń sanwó yẹn fún epo, ọkọ̀ fífúyẹ́ ló tọ́ sí i, ṣùgbọ́n jíìpù ni gbogbo wọn ń kó wá fún wa.

Ojú títì ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí báàgì sìmẹ́ńtì kan àti ṣọ́bìrì nílùú yìí, bọ́ǹpù ni yóò fi mọ síwájú ilé rẹ̀, gíga rẹ̀ á dé orúnkún. Ọkọ̀ tó bá rẹlẹ̀ díẹ̀, ikùn rẹ̀ á ha. Àwọn agbófinró náà, bí wọ́n bá ti rí ọkọ̀ kékeré tó dára, wọ́n á ní ọmọ yahoo ni. Àbúrò mi kan ń wa Civic, ó lo wákàtí méjì ní chẹkí-pọ́ìǹtì kan nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀. Ṣé rírẹlẹ̀ náà ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ló sì dá mi lágara jù. Colin Chapman, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Lotus sílẹ̀, gbogbo ayé ẹ̀ ló fi ń yọ ìwúwo kúrò lára ọkọ̀. Ọkọ̀ wọn kan, Elise, tí wọ́n gbé jáde ní 1996 kò tó 800 kílò. Wọ́n pa á tì ní 2021. Lónìí, Lotus yẹn kan náà ń ṣe jíìpù oníná tó ju 2,000 kílò lọ! Àwọn ará Jàpáànù ń ṣe kékeré fún ara wọn: Honda S660, ẹ́ńjìnnì tí kò tó 700 cc. Apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, àwa ní Nàìjíríà sì ti fi wíwa ọkọ̀ lápá òsì títì sílẹ̀ láti oṣù kẹrin 1972, òfin kò gbà á wọlé. Kó tó di 2022 parí, wọ́n ti dá òun náà dúró.

Toyota ni mi ò lè dárí jì. Ní 2015, wọ́n gbé ọkọ̀ kan jáde níbi ìpàtẹ Tokyo, S-FR lorúkọ rẹ̀. Kò gùn tó mítà mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì níwájú, agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn, ìjókòó mẹ́rin. Mẹ́rin! Àwọn ìbejì mi ì bá jókòó síbẹ̀, àna mi ì bá pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Mo tọ́jú àwòrán rẹ̀ sínú fóònù mi, mo ń dúró, ọdún ń gorí ọdún, wọn kò ṣe é. Wọ́n fi han ayé, wọ́n gbé e padà sílé, wọ́n sì lọ ń ṣe jíìpù.

Toyota, ẹ ṣe ọkọ̀ náà! Ẹ̀yin lẹ ti yàwòrán rẹ̀ tán, kí ló kù? Jíà ọwọ́, sítíárìn lápá òsì, kó má ju 1,000 kílò lọ, kí tíṣà lè rà á. Mi ò béèrè rédíò. Mi ò béèrè ìjókòó aláwọ.

Àlájì, bí wọ́n bá ka èyí fún yín, ẹ gba ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ ọmọ náà. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án yín wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì dá ti àna mi padà.