Òǹtẹ̀ Tí A Ń Fi Owó Rà

Láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ìlú wọn tó bá ní ìwé ìrìnnà lè wọ ilẹ̀ ara wọn láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Èmi tí mò ń ra àǹkárá ní Kútọnu wá tà ní Kàbà kò tíì rí i kí wọ́n pa òfin yìí mọ́ lójú mi. Lóṣù tó kọjá, aṣọ́bodè kan gbé òǹtẹ̀ sókè, kò tẹ̀ ẹ́, ó kàn ń wò mí, àfi ìgbà tí mo ki 2,000 náírà bọ àárín ìwé náà. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, wọ́n ní òǹtẹ̀ náà kò hàn dáadáa (àwọn kan náà ló tẹ̀ ẹ́ o!), kí n tún san òmíràn kí n tó wọ ilé ara mi.