Iléèwé Míṣọ́ọ̀nù Tó Ṣófo: Ẹ Fún Ìlú Ní Ìwé Tó Lọ́jọ́ Lórí

Ní ọ̀pọ̀ ìlú nílẹ̀ Yorùbá, ilé kan wà nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí gbogbo ayé ṣì ń pè ní iléèwé, bẹ́ẹ̀ ọmọ kan kò kàwé níbẹ̀ mọ́. Ògiri amọ̀ ni, ó nípọn, páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Ìjọba ti kọ́ búlọ́ọ̀kù tuntun sẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ ti kó lọ síbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú bá ní àwọn fẹ́ sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ di ilé ìkàwé, ibi ìkọ́ṣẹ́ tàbí gbọ̀ngàn ìpàdé, ohun tí wọ́n sábà ń rí gbà ni lẹ́tà ojú ewé kan pé kí wọ́n máa bójú tó o. Èyí kò tó. Ohun tí à ń béèrè ni ìwé háyà tí kò dín ní ogún ọdún, torí kò sí ẹgbẹ́ tó yẹ kó fi òrùlé tuntun lé ilé tí wọ́n lè lé e kúrò níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ pé ta ló nilé ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń fẹsẹ̀ kọ. Ìdílé kan ló yọ̀ǹda ilẹ̀ fún míṣọ́ọ̀nù, ìjọ ló dáwó, àwọn ará ìlú ló gún amọ̀ tí wọ́n sì ru omi. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, ìjọba gba iléèwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Lẹ́yìn náà, àwọn ìpínlẹ̀ kan dá díẹ̀ padà. Ìdílé, ìjọ àti ìjọba lè wá sọ pé àwọn ni olóhun. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí òrùlé ń jò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rí páànù tuntun, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, kí ìlú tó ra ìṣó kan, kí wọ́n pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ààfin, kí sọ̀fíyọ̀ wọn ilẹ̀ náà níṣojú wọn, kí lọ́yà kọ àdéhùn tí wọ́n máa jọ tọwọ́ bọ̀. Kí ẹgbẹ́ náà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kó ní àwọn alámòójútó dúkìá lábẹ́ òfin iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ (CAMA) ti ọdún 2020. Ẹgbẹ́ tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò lè di ilẹ̀ mú lórúkọ ara rẹ̀. Orúkọ alága ni wọ́n máa ń fi sínú ìwé, bí alága bá sì kú, ìjà dé láàárín ìlú àti àwọn ọmọ rẹ̀. Lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, ìwé háyà náà tún nílò ìfọwọ́sí gómìnà, tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ bí ilẹ̀ náà bá wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á tàbí wó o títí háyà yóò fi pé, àti pé bí ìlú bá pa á tì fún ọdún méjì, kó padà sọ́wọ́ àwọn tó fi háyà fún ìlú.

Àwọn kan gbà pé bí ìjọba àpapọ̀ bá ti kéde ilé gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ewu ti kọjá. Ilojo Bar ní Gbàgede Tinúbú l'Ékòó, tí wọ́n kọ́ ní 1855, ti wà lábẹ́ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ láti 1956. Wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Jaekel House, tí wọ́n kọ́ sí ọgbà rélùwéè ní Ebute Metta ní 1898, wà lóòró dòní torí pé Legacy, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́, bá iléeṣẹ́ rélùwéè ṣe àdéhùn, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìtàn rélùwéè. Àwọn tó ń lo ilé ló ń dáàbò bò ó.

Àtúnṣe wá ń kọ́? Òrùlé ló ṣáájú. Oṣù kọkànlá ni kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ilé lè wà lábẹ́ páànù kí òjò tó padà dé. Káfíńtà lè ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kó igi àtijọ́ mọ́ owó iṣẹ́ òun. Kí wọ́n má gbà. Ìrókò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, igi rírọ̀ tí wọ́n sì máa fi rọ́pò rẹ̀ kò lè dúró níwájú ikán. Orí igi tó wọnú ògiri ló sábà ń jẹrà. Ibẹ̀ ni kí wọ́n gé, kí wọ́n kan tuntun mọ́ ọn. Páànù alumíníọ́mù 0.55 mm ni kí wọ́n rà, kí etí òrùlé sì yọ síta tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí omi má bàa máa ta sára ògiri. Bí àjà bá jẹ́ asbestos, kí ẹnikẹ́ni má fi ayùn kàn án tàbí kó fọ́ ọ: eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni kó tú u, kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi rin ín, kí wọ́n yọ ọ́ lódindi, kí wọ́n sì fi ọ̀rá nínípọn wé e.

Ibi tí ìparun ti ń wọlé jù ni ògiri, símẹ́ńtì ló sì ń fà á. Bíríkìlà á rí ògiri tó ń ṣí, á fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ látòkè délẹ̀, á sì kùn ún. Ó lè dára lójú fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ máa ń fa omi láti ilẹ̀, ara rẹ̀ ló sì ń gbà tú u síta lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Símẹ́ńtì ti dí ọ̀nà yẹn. Omi á há sínú, amọ̀ á rọ̀, bí èèyàn bá fi ìka kan ara ògiri, á máa dún bí ohun tó ṣófo. Tó bá yá, símẹ́ńtì á ṣí lódindi, tòun ti amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn.

Kí wọ́n rọra fi ọwọ́ ṣí símẹ́ńtì náà kúrò. Kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ tó ti ga mọ́ ẹsẹ̀ ògiri títí yóò fi lọ sílẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán, kí wọ́n sì la gọ́tà tó máa gbé omi lọ. Amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ iyanrìn àti koríko gígé ni kí wọ́n fi rẹ́ ẹ. Kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lójú kan kékeré: bó bá gbẹ tó sán, iyanrìn kò tó, bó bá ń kúnná mọ́ni lọ́wọ́, amọ̀ ni kò tó. Kí wọ́n má sì wó ògiri tó pín kíláàsì níyà torí pé wọ́n ń wá gbọ̀ngàn ńlá, àyàfi tí ẹnjiníà bá yẹ̀ ẹ́ wò, torí àwọn ògiri yẹn lè wà lára ohun tó gbé òrùlé dúró.

Ní ti owó, ó yẹ kí yàrá méjì tàbí mẹ́ta máa mówó wọlé, kí ìyókù lè jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú. Kí ìdá mẹ́wàá owó tó ń wọlé lọ sínú àpò àtúnṣe, kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí ìwé báńkì, kí wọ́n sì lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ ara ògiri lóṣooṣù.

Àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn láìná owó ńlá. Kí wọ́n ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ka iléèwé àtijọ́ tó ṣófo lágbègbè rẹ̀, kí wọ́n kọ ẹni tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síta, kí wọ́n sì dá gbogbo ìwé àṣẹ wíwó dúró lórí wọn títí ìlú yóò fi ráyè mú ètò tirẹ̀ wá.