Wọ́n ní kí n ta Ẹṣin Pupa fún oníkọ́ńdẹ̀mù

Inú ń bí mi láti ọjọ́ Sátidé, mi ò sì ní fi pamọ́. Mo gbé Ẹṣin Pupa, katakata kékeré tí mo fi ń gé koríko, sórí tìrélà, mo wọ́ ọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ igékoríko ṣe. Mi ò ní kí wọ́n bá mi fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì o. Bẹ́líìtì tó ń yí ọ̀bẹ abẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ rà, mo fẹ́ kí wọ́n bá mi wọ̀n ọ́n, kí n má baà ra èyí tó gùn jù. Ọmọkùnrin tó jáde sí mi ò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó dúró lókèèrè, ó bi mí pé ọdún wo ni wọ́n ṣe é. Mo ní 1976. Ó ní, "Sà, ó dàgbà jù mí lọ. A kì í gba ohun tó bá ti lé lógún ọdún. Ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù." Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tó fi nawọ́ sí àwọn tuntun tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó rọjú jù nínú wọn lé ní 2,000 dọ́là.

Mi ò fèsì. Mo yí ọkọ̀ padà, mo wá sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò nínú mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ níbí mọ Ẹṣin Pupa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wheel Horse C-120 ni, South Bend níhìn-ín ní Indiana ni wọ́n ti ṣe é. Ìdílé Pond ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1946, American Motors rà á lọ́wọ́ wọn ní 1974, ilé iṣẹ́ Toro sì wá rà á ní 1986. Ẹṣin wà nínú orúkọ rẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ sì pupa, ibẹ̀ ni orúkọ tí mo fún un ti wá. Ọwọ́ màmá àgbàlagbà kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni mo ti rà á ní 450 dọ́là, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Mo wakọ̀ fún wákàtí méjì ààbọ̀ láti Indianapolis lọ gbé e. Màmá náà wọlé, ó mú ìwé tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ jáde. Ẹ̀yìn ìwé yẹn ni bàbá náà ń kọ ọjọ́ tó bá pààrọ̀ ọ́ìlì sí, pẹ́ńsù ló fi ń kọ ọ́, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, láti 1976 títí di ọdún tó kú. Màmá náà fi ìka tọ ìlà tó kẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ń kọ tèmi sí abẹ́ rẹ̀ di òní.

Ohun tí wọ́n ní kí n gbé fún oníkọ́ńdẹ̀mù nìyẹn.

Mo ti mọ èyí tí àwọn kan máa sọ, pé owó tí mo ti ná lé e lórí ti tó ra tuntun. Kò tó o. Mo tọ́jú gbogbo rìsíìtì rẹ̀, mo ti rò ó pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje èṣí. Ẹ́ńjìnnì náà á gbiná láàárọ̀ bí ọmọ tuntun, á ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 25, á wá kú lójijì láàárín koríko. Tí mo bá fi í sílẹ̀ tó tutù, á tún gbiná. Gbogbo ẹni tí mo fi lọ̀ ló ní kábúrétọ̀, èyí tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ni. Ẹ̀gbọ́n kan ní ìjọ wa fi dá mi lójú pé òun ti rí irú rẹ̀ rí. Mo ra kábúrétọ̀ tuntun ní 60 dọ́là, mo dè é mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú 25, ó kú.

Mo jókòó sórí koríko níbẹ̀, mo rántí bàbá mi. Massey Ferguson 135 ni wọ́n ń wà ní oko ìjọba kan lọ́nà Ìṣẹ́yìn, èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì Perkins onípísítìn mẹ́ta. Dísẹ́ẹ̀lì ni tiwọn ń mu, kò ní pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ wọn bá ẹ́ńjìnnì yòówù mu: "Má yọ ohun tí o ò tíì bi léèrè." Èmi ò bi kábúrétọ̀ léèrè rárá. Mo kàn yọ ọ́ ni, nítorí pé àwọn èèyàn ní òun ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í. Nígbà tó kú, mo kọ́kọ́ ṣí ọmọrí táǹkì, bóyá afẹ́fẹ́ ni kò ráyè wọlé tí epo ò fi sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ìyẹn. Mo yọ pílọ́ọ̀gì, mo dá wáyà rẹ̀ padà sí i lórí, mo gbé e lé ara irin ẹ́ńjìnnì, mo ní kí ìyàwó mi yí kọ́kọ́rọ́. Láàárọ̀ tó tutù, iná tó ń bù lẹ́nu pílọ́ọ̀gì yẹn dà bí aró, ó sì ń ró tá-tá. Nísinsìnyí tó ti gbóná, ó di pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń ṣẹ́jú. Kọ́rẹ́ǹtì ò dé orí pílọ́ọ̀gì mọ́. Epo ò ṣẹ̀ ẹ́ rí.

Ibi tó mú kí n fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì yìí gan-an nìyí. Kohler K301 ni, agbára ẹṣin 12, písítìn kan ṣoṣo, irin tí wọ́n yọ́ dà ni ara rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré ayé ìgbà yẹn, abẹ́ fúláwíìlì, àgbá irin tó ń yí níwájú ẹ́ńjìnnì, ni kọ́ńtáàtì, ojú irin méjì tó ń pàdé tó sì ń là kí pílọ́ọ̀gì lè ṣáná, máa ń wà, àfi kéèyàn tú gbogbo iwájú ẹ́ńjìnnì kó tó rí i. Àwọn tó ṣe eléyìí gbé e síta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi ìdérí kékeré kan bò ó. Mo tú ìdérí yẹn, mo rí i pé ojú kọ́ńtáàtì ti dúdú, ó ti jẹ ihò wínníwínní. Kọ́ńdẹ́ńsà ló fa ìyẹn, agolo kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Òun ló ń gba kọ́rẹ́ǹtì mọ́ra nígbà tí kọ́ńtáàtì bá là, kí iná má baà máa jó o lójú. Tí ooru bá mú un báyìí, kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Mo ra kọ́ńtáàtì àti kọ́ńdẹ́ńsà, àwọn méjèèjì ò tó 30 dọ́là. Mo fi géèjì pẹlẹbẹ wọn àlàfo ojú rẹ̀ sí 0.020 ínǹṣì, ìyẹn bí ìdajì mìlímítà. Mo gé koríko fún wákàtí méjì lọ́jọ́ yẹn. Kò kú. Mo dá kábúrétọ̀ rẹ̀ àtijọ́ padà sí i, òun náà wà níbẹ̀ di òní.

Bàbá tó ni katakata yìí tẹ́lẹ̀ ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ó fi iṣẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ da ọ́ìlì gíà rẹ̀, funfun ló jáde bí ògì. Rọ́bà tó yí ìdí ọwọ́ gíà ká ti là, òjò ti ń gba ibẹ̀ wọlé. Mo fi dísẹ́ẹ̀lì ṣan inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo rọ ọ́ìlì gíà 90 tuntun sí i, mo pààrọ̀ rọ́bà náà. Nígbà tí mo ṣí páànù tó bo orí ẹ́ńjìnnì, ìtẹ́ eku ló dí ibi tí atẹ́gùn ń gbà tù ú lára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ́ńjìnnì tí atẹ́gùn ń tù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣí páànù yẹn wò lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo, torí ẹ́tánọ́ọ̀lù inú bẹntiróòlù ìsinsìnyí ń jẹ rọ́bà àtijọ́, mo fi fítà kékeré sójú ọ̀nà epo, mo sì fi iná LED síwájú fún ìgbà yìnyín. Oògùn ìpata àti sùúrù ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú bóòtì kan tó ti dípẹtà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú ni. Òun ló ń tú ilẹ̀ tí a ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí lẹ́yìnkùlé, òun náà ló ń ti yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ti bá aládùúgbò kan tú ọ̀kan lára àwọn tuntun yẹn wò. Páànù tí wọ́n tẹ̀ ni wọ́n so ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ mọ́. Gíà rẹ̀, wọ́n dé e pa, kò sí ibi téèyàn lè tú láti da ọ́ìlì inú rẹ̀. Tó bá bàjẹ́, odidi ni wọ́n ń yọ sọnù. Àwọn tó ṣe é mọ iṣẹ́ o. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹni tó ni ín má lè ṣí i. Èyí gan-an ló ń dun àwọn àgbẹ̀ tí ìpínlẹ̀ Colorado fi ṣòfin lọ́dún 2023 pé kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ oko máa fún àgbẹ̀ ní ìwé, pààtì àti irinṣẹ́ tí wọ́n á fi lè dá a tún ṣe. Ó yẹ kí irú òfin bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwa elẹ́yìnkùlé náà.

Ohun tó kù yìí, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Ọmọbìnrin kékeré kan wà nílé kejì sí tiwa, ó ní ikọ́ fée. Ní oṣù Kẹrin, ìyá rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn wa. Kò bínú, ó rọra ń sọ̀rọ̀ ni. Ó ní tí mo bá fẹ́ tan katakata, kí n jọ̀ọ́ kí n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí òun ṣáájú, kí òun lè ti fèrèsé. Ojú tì mí. Mi ò rò ó rí. Mo máa ń gbóòórùn èéfín yẹn tí mo ti jáde, lára aṣọ mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ó máa ń mú mi rántí bàbá mi. Mo ti tún kábúrétọ̀ yẹn yí kí èéfín rẹ̀ lè dín kù. Ó dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì 1976 ni. Mo mọ̀ pé California ti ń fi òfin lé ẹ̀rọ igékoríko tuntun tó ń mu epo kúrò lọ́jà láti 2024. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá gbọ́ irú rẹ̀, mo máa ń ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Nígbà tí ilé ìwé ń lọ lọ́wọ́, mo máa ń dúró kí ọkọ̀ wá gbé ọmọ náà kí n tó tan iná. Wọ́n ti gba ìsinmi báyìí, ilé ló ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ti rí bẹ́líìtì náà rà níbòmíràn, ó dé lánàá, orí tábìlì ló wà. Koríko ti fẹ́ẹ̀ dé orókún. Mi ò tíì dè é mọ́ ọn.