Orin Kílásíkà Àfẹnugbọ́

Bí ẹ bá ṣì ń fi mọ́tò àti aago ọwọ́ ṣe fáàrí láàárín àwọn ọ̀làjú, ayé ti fi yín sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń mọ ẹni ńlá báyìí, láti Lẹ́kì dé Bódìjà, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tiwa tó wà ní Peckham, ni kí èèyàn lè dárúkọ orin kílásíkà tó fẹ́ràn jù láyé, kó sì fi orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kún un. Kò sí ẹni tó bi í o. Ẹ ṣáà ń jẹun lọ́wọ́ níbi ìkómọjáde, ẹnì kan á nu ẹnu, á gbójú sókè, á ní, "Èmi o, lẹ́yìn Mahler, kò tún sí." Olórin kílásíkà ni Mahler o, ṣùgbọ́n ìyá ìkókó á ṣe àmín, ó rò pé àdúrà ni.

Àwọn èèyàn yìí kì í kàn dárúkọ orin lásán, wọ́n máa ń kì í ni. "Opus 27, nọ́ńbà kejì, ọmọ C-sharp minor!" "K. 626, àṣekú Mozart, D minor abigbe-lẹ́nu!" Tí o bá dákẹ́ tí o ò mọ ohun tí wọ́n ń wí, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fẹ́ kí o wà. Opus yẹn, nọ́ńbà iṣẹ́ olórin ni. K tí wọ́n ń pè yẹn, Köchel ni, orúkọ ẹni tó fún iṣẹ́ Mozart ní nọ́ńbà. Ọdún 1862 ló tẹ ìwé tó fi to iṣẹ́ Mozart jáde, nígbà tí Mozart ti lo ọdún 71 nínú sàréè. Bí ẹ bá jí Mozart lónìí tí ẹ ní kó gbé K. 626 wá, á ní kí ẹ lọ bi wọ́n ní pósítọ́fíìsì. Kò tilẹ̀ parí orin náà, Requiem, orin òkú, kó tó kú. Ọ̀gbẹ́ni Süssmayr ló bá a parí rẹ̀, síbẹ̀ mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan nu ẹnu níbi ìkómọjáde kó ní Süssmayr ni ààyò òun.

Ipò ipò ni wọ́n wà. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, Für Elise, orin dùùrù Beethoven, ni tiwọn. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, inú fóònù ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí a tó mọ̀ pé èèyàn ló kọ ọ́. Tó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti dàgbà jù ú lọ, ó di Moonlight, Opus 27 tí wọ́n ń kì lẹ́ẹ̀kan yẹn. Fọ́tò òṣùpá á wá gba gbogbo sítátọ́ọ̀sì WhatsApp, pẹ̀lú ìtàn bí Beethoven ṣe jókòó sẹ́nu fèrèsé lóru ọjọ́ kan tí òṣùpá ń ràn sí i lórí. Òṣùpá kankan ò ràn. Ìwé orin tó jáde lọ́dún 1802 kò sọ̀rọ̀ òṣùpá rárá. Akọ̀wé ará Jámánì kan, Rellstab, ló wá sọ lẹ́yìn náà pé orin yìí rán òun létí òṣùpá lórí adágún Lucerne, ni gbogbo ayé bá gbé e.

Àwọn tó tún ga ju ìwọ̀nyí lọ ni àwọn tó máa ń sunkún. Adagio ti Albinoni, olórin Ítálì ayé àtijọ́, ni wọ́n fi ń sun ún. Wọ́n á ní ìbànújẹ́ ayé ìgbàanì ló wà nínú rẹ̀, pé ẹ̀dá òde òní ò lè kọ irú rẹ̀ láéláé. Ẹ̀dá òde òní ló kọ ọ́! Remo Giazotto, onímọ̀ orin ará Ítálì, ló gbé e jáde lọ́dún 1958, tó ní àjákù iṣẹ́ Albinoni kan lòun rí tòun fi tò ó. Ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn. Ọdún kan péré ni ìbànújẹ́ ayé ìgbàanì yìí fi ṣe ẹ̀gbọ́n WNTV.

Olórí gbogbo wọn wá ni àwọn tí kò tún fẹ́ràn orin mọ́, rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n fẹ́ràn. Wí pé o gbádùn Goldberg Variations ti Bach kí o rí nǹkan. "Ti Gould? Ti 1955 àbí ti 1981?" Gould ni onídùùrù tó gba orin náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè ẹnubodè nìyẹn, kò sì sí ìdáhùn tí yóò gbà ọ́ là. Ti 1955 sáré parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 38, ti 1981 lo 51. Bí o bá mú ti àkọ́kọ́, ọmọdé ni ọ́. Bí o bá mú ti ìkejì, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní ó ti ń yé ọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí o bá wá lọ sọ pé ohun tí ìwọ gbọ́ nínú méjèèjì ni ọkùnrin kan tó ń kùn hùn-hùn-hùn lẹ́yìn dùùrù, a ò ní pè ọ́ síbi oúnjẹ mọ́. Bẹ́ẹ̀, òótọ́ pọ́ńbélé lo sọ. Gould kì í lè tẹ dùùrù kó má fẹnu kùn, ó wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù ketekete.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù lọ ni ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìyàwó á ní Wagner ni ààyò òun, pé orin inú Lohengrin, eré olórin rẹ̀, ni kí wọ́n fi mú òun wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú eré náà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Weimar lọ́dún 1850. Wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kan ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Elsa. Ọkùnrin kan yọ lójú omi nínú ọkọ̀ tí pẹ́pẹ́yẹ funfun ọlọ́rùn gígùn ń fà. Ó jà fún Elsa, ó ní òun á fẹ́ ẹ, àmọ́ kò gbọdọ̀ bi òun láé pé kí lorúkọ òun tàbí ibo lòun ti wá. Ẹ dúró ná. Àwọn ẹbí ọmọ yìí dà? Ta ni wọ́n rán lọ ṣèwádìí? Ọkùnrin tí kò lórúkọ, tí kò nílùú, tó jẹ́ pé pẹ́pẹ́yẹ ló wà á wá, tó bá dé iwájú alága ìjókòó nílẹ̀ wa, ì báà dọ̀bálẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹnu gáàtì ni yóò sùn. Ṣùgbọ́n wọ́n fà á lé e lọ́wọ́. Orin tí ẹ mọ̀ yẹn ni wọ́n fi sìn wọ́n wọ yàrá. Lóru ọjọ́ náà gan-an ni Elsa bi í lórúkọ. Ọkọ dìde, ó palẹ̀ mọ́, ó bá omi lọ, ìyàwó sì ṣubú lulẹ̀, ó kú. Òun lẹ fi ń mú ìyàwó wọlé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tí pásítọ̀ ń mi orí, tí fídíò ń yí. Tí ẹ bá sì ṣe tán, ti Mendelssohn lẹ ó fi jáde, èyí tó kọ lọ́dún 1842 fún eré Shakespeare kan tí iwin ti sọ orí ọkùnrin di ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ọkọ ìyàwó, ẹ kú oríire.

Ti ilé kọ́ńsáàtì náà ńkọ́? Nínú gbọ̀ngàn MUSON l'Óníkan, tí wọ́n bá parí ìpín kìíní, ẹnì kan tí orin wọ̀ lára á pàtẹ́wọ́. Èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn, àfi tí gbogbo ìpín orin bá parí. Ẹ wo bí ọrùn ṣe máa ń yí! Ọ̀gá tó wà ní ìlà kẹta á wò ó bí ẹni tó tutọ́ sínú ọbẹ̀. Lọ́dún 1778, Mozart kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ láti Paris nípa sinfóní tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe níbẹ̀. Àárín orin ni wọ́n ti pàtẹ́wọ́, kì í ṣe òpin ìpín pàápàá, inú rẹ̀ sì dùn gan-an, nítorí ó ti mọ̀ pé ibẹ̀ á mú wọn. Nígbà tó parí, ó lọ jẹ áísìkiriìmù. Ọ̀gá ìlà kẹta ìbá ti ní kí síkúríìtì mú un jáde.

Ti àwọn aboyún tó ń de íápíìsì mọ́ ikùn kí ọmọ inú lè gbọ́ Mozart, kó sì gbọ́n, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 36 ni wọ́n dán wò ní Amẹ́ríkà kí àhesọ yìí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993, kò sí ọlẹ̀ kankan lára wọn, ìmọ̀ tó sì kún tiwọn kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Títí dókítà á fi dé, ó ti tán.

Ẹ wá bi àwọn ọ̀gá yìí ní Ṣówándé. "Fẹlá Ṣówándé? Ṣé ti Kàlàkútà?" Rárá, sà. Ẹni tó jẹ́ akọrin ọmọdé lábẹ́ Ẹkúndayọ̀ Phillips ní Kàtídírà Màrínà, tó kọ African Suite lọ́dún 1944. Ìpín kan nínú rẹ̀, Akinla, ni rédíò CBC ní Kánádà fi ń ṣí ètò kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní Toronto lè fẹnu súfèé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Èkó tó ní Mahler ni ìmí òun kò gbọ́ ọ rí. Ohun tó fà á kò ṣòro. Ṣówándé ò ní K, orúkọ rẹ̀ kì í sì í nira fún alásè níbi ìnáwó láti pè. Kí ló fẹ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe fáàrí?

Kí wọ́n má baà ní mo jowú, èmi náà ti yan tèmi: 4′33″ ti John Cage, ọdún 1952. Tó bá ti jókòó, onídùùrù á pa ìdérí dùùrù dé, kò ní tẹ ohunkóhun títí ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá 33 á fi pé, ìpín mẹ́ta ló sì ní. Ohunkóhun tí etí bá gbọ́ láàárín ìgbà náà ni orin. Ìgbà àkọ́kọ́ tí David Tudor ṣe é ní Woodstock, atẹ́gùn àti òjò lórí òrùlé ni wọ́n sọ pé ó wà níbẹ̀. Kò burú, àmọ́ ó fúyẹ́. Ti àdúgbò wa ló jinlẹ̀: jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin, oníbúrẹ́dì kan, láúdísípíkà ṣọ́ọ̀ṣì méjì tí wọn kò bára wọn mu. Ìpín kẹta ni kí ẹ sì fetí sí dáadáa, nígbà tí wọ́n bá mú iná wá tí gbogbo ọmọ ilé kígbe "Ùp NEPA!" Ọlọ́gbọ́n tó bá bi mí ní ti ọdún wo, ti Túsìdeé àná ni.