Ìnàkí Kì Í Fi Ewé Pa Aràn

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri pé ìnàkí (chimpanzee) inú igbó ní oògùn aràn tirẹ̀: ewé kan ló ń gbé mì, aràn inú rẹ̀ á sì kú. Àwọn tó ń ta àgbo ti sọ ọ́ di ẹ̀rí fún ọjà wọn. Ìdajì òótọ́ ni. Ìnàkí ń gbé ewé mì, aràn sì ń bá ewé náà jáde, ṣùgbọ́n láàyè ni aràn ń jáde.

Oesophagostomum stephanostomum ni aràn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹyin rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ bọ́ sílẹ̀, ó ń pa, ọmọ aràn á sì gun orí ewéko tí ìnàkí máa jẹ. Tó bá dénú, á wọ ara ìfun ńlá, ibẹ̀ á wú kókó-kókó, kó tó padà jáde sínú ìfun láti dàgbà. Bó bá pọ̀, inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru àti rírù ló ń fà. Ìgbà òjò ló ń le jù.

Ní Gombe àti Mahale, lórílẹ̀-èdè Tànsáníà, ewé Aspilia, ìbátan yúnyún tiwa, wà lára èyí tí wọ́n ń lò. Àárọ̀ kùtù ni, kí oúnjẹ tó wọnú. Ìnàkí á fi ahọ́n ká ewé kan lẹ́nu, á gbé e mì, á tún mú òmíràn. Ó lè tó 100 níjókòó kan. Ní 1985, wọ́n kéde pé thiarubrine A, èròjà kan nínú ewé yìí, ló ń pa aràn. Nígbà tí àwọn mìíràn tún un yẹ̀ wò, wọn ò bá a nínú ewé. Gbòǹgbò ló wà. Àbí, bó bá jẹ́ oje ewé ló ń wá, kí ló dé tí kì í rún un lẹ́nu? Irú ewé tí ìnàkí àti àwọn ìbátan rẹ̀, bonobo àti gorilla, ń gbé mì báyìí lé ní 30, ìdílé wọn ò sì pa pọ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé ara wọn ń ha, irun líle bò wọ́n.

Ara híha yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ewé tí kò dà á máa ha ìfun tó ṣófo, ìfun á sì yára tì í jáde. Ní bíi wákàtí 6, ewé á bọ́ sílẹ̀ lódindi, aràn á máa yí nínú ìgbẹ́, òmíràn á há sí ìṣẹ́po ewé. Àgbà aràn tó wà ní gbangba ìfun ló ń bá a lọ. Ọmọ aràn tó wà nínú kókó kì í bá a lọ.

Ewúro ńkọ́? Ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ní 1987, Michael Huffman, tó ń ṣèwádìí nípa ìnàkí, àti Mohamedi Seifu Kalunde, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, rí abo ìnàkí kan ní Mahale, Chausiku, tí ara rẹ̀ ò yá. Ó já ọ̀mùnú ewúro, ó bó èèpo, ó ju ewé nù, ó rún mùdùnmúdùn àárín rẹ̀, ó fa omi kíkorò mu, ó sì tu ìyókù dànù. Lọ́jọ́ kejì, ara rẹ̀ ti ń yá. Vernodalin, èròjà kan tó lè di májèlé, ló pọ̀ nínú ewé àti èèpo. Nítorí náà, ewé tí à ń fọ̀, tí à ń fi sè ọbẹ̀, òun gan-an ni ìnàkí ń sọnù.

Wọ́n tún ka ẹyin aràn nínú ìgbẹ́ ìnàkí mìíràn tó jẹ ewúro: láàárín wákàtí 20, ó wálẹ̀ láti 130 sí 15 nínú gíráàmù kan. Ẹran kan ṣoṣo nìyẹn, aràn tí kò sì yé ẹyin mọ́ lè má tíì kú. Yàtọ̀ sí èyí, ẹyin Oesophagostomum jọ ti aràn ìfun mìíràn lábẹ́ mákírósíkóòpù. Ó di kí wọ́n tọ́jú ìgbẹ́ tútù fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ọmọ aràn jáde, kí wọ́n tó mọ irú tó jẹ́. Ìgbẹ́ tí wọ́n ti rì sínú formalin, oògùn tí kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́, kò ṣeé lò fún èyí.