"Inflammable" kì í ṣe ohun tí kò lè gbiná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ kọ ọ́ pé "inflammable" tí wọ́n kọ sára agolo túmọ̀ sí ohun tí kò lè gbiná, torí pé "in" máa ń sọ ọ̀rọ̀ di òdìkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì léwu. "In" yìí kì í ṣe ti "incorrect". Inú "inflammare" ti èdè Látìn ló ti wá, ìyẹn kí a ti iná bọ nǹkan. "Flammable" àti "inflammable", ọ̀kan náà ni. "Non-flammable" ni èyí tí kò lè gbiná. Lánàá, ní Gáréèjì Ọ̀fà, Ìlọrin níbí, ọmọṣẹ́ akunlé kan gbé agolo tínà (èyí tí wọ́n fi ń po ọ̀dà) tó ní àkọlé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò alákàrà, tínà ṣì ń kán létí ìdérí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún ohun tí ẹ kọ yẹn kọ lónìí.