Èsì wa sí ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ nípa àwòrán egbére

Ẹ kú ilé o, ìyá wa ọ̀wọ́n, ẹ sì kú ìnáwó. A ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ nípa àwòrán egbére tí ẹ rà lọ́wọ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì dúpẹ́ pé ẹ sọ ohun tó tẹ́ yín lọ́rùn àti ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ fún wa ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ẹ ní ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára ẹní egbére náà dára débi pé àlejò kan bèèrè bóyá iná ni a tàn sẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní iṣẹ́ náà pẹ́ jù, pé ẹni tó ń kọ pátákó ìpolówó ládùúgbò yín n'Íbàdàn ì bá ti parí irú rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Pé òórùn òróró ṣì wà lára rẹ̀. Pé apá ibì kan ń dán, apá ibì kan sì ṣú. Pé ẹ̀rù rẹ̀ ba àwọn ọmọ yín tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sá. Àti pé egbére tó dé ọwọ́ yín kọ́ ni èyí tí ẹ rí nínú àwòrán èédú tí a kọ́kọ́ fi hàn yín. Nítorí pé àwọn mìíràn tí wọ́n fẹ́ ra irú iṣẹ́ yìí yóò ka ọ̀rọ̀ yín, mo fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé bí mo ṣe ya àwòrán náà, torí pé inú ọ̀nà tí mo gbà yà á ni ìdáhùn sí gbogbo ohun tí ẹ sọ wà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí egbére fúnra rẹ̀. Kò sí ayàwòrán tí egbére lè wá jókòó níwájú rẹ̀ kí ó yà á. Ohun tí gbogbo wa gbọ́ nínú àlọ́ ni pé ó kúrú, pé ẹní kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, pé ẹkún kì í dá lójú rẹ̀, àti pé ẹni tó bá rí ẹní yẹn gbà, tó sì lè fara da ẹkún rẹ̀, yóò di olówó. Ìyókù dọwọ́ ayàwòrán. Bẹ́ẹ̀, ojú ẹni tó ń wo irú àwòrán yìí kì í gba ohun tí a kàn fi ọkàn hun gbọ́, àfi bí ó bá rí ohun tó mọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe wo awọ ọ̀pọ̀lọ́ dáadáa lẹ́yìn òjò, ní ẹ̀yìnkùlé ibi iṣẹ́ wa níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí kókó ara rẹ̀ ṣe ń dán níbi tí omi wà tí ó sì ń ṣú níbi tó ti gbẹ. Awọ yẹn ni ẹ ń wò ní èjìká egbére. Ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ọwọ́ bàbá arúgbó kan tó gbà mí láàyè láti yà á, iṣan rẹ̀ yọ síta, eékánná rẹ̀ sì nípọn. Orí àgbàlagbà máa ń wọ inú gíga ara rẹ̀ bí ìgbà méje tàbí méje àbọ̀, ṣùgbọ́n ti ọmọ ọdún méjì kò ju bí ìgbà márùn-ún lọ. Ìwọ̀n ti ọmọdé yẹn ni mo fún egbére, mo wá fi ọwọ́ arúgbó sí i. Ohun tó ń jẹ́ kí àánú rẹ̀ ṣe ènìyàn kí ẹ̀rù rẹ̀ sì tún ba ènìyàn nìyẹn, ó sì dá mi lójú pé ohun tí àwọn ọmọ yín rí nìyẹn kí wọ́n tó sá. Gbòǹgbò ìrókò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, láti ara igi máńgòrò àtijọ́ kan ni mo ti yà á, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bá wò ó dáadáa yóò sì dá a mọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo fi amọ̀ mọ egbére náà ní kékeré, tó lè dúró lórí àtẹ́lẹwọ́. Mo ká bébà kan bí ẹní, mo fi há a lábíyá, mo ti fèrèsé pa, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì kékeré láti inú bébà náà kí n lè rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò bọ́ sí àti ibi tí òjìji yóò wà, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ máa ń yí ojú padà ní ọ̀nà tí ènìyàn kò lè fi ọkàn lásán mọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nínú àwòrán èédú tí ẹ kọ́kọ́ rí, ẹní wà lábíyá òsì, ojú egbére sì kọ sí apá ọ̀tún. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì, èjìká rẹ̀ dí ìmọ́lẹ̀ náà, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn pátápátá, tó fi jẹ́ pé ẹkún tí ẹ kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe gbàgbé kò ní hàn rárá. Mo gbé ẹní náà wá sí iwájú àyà rẹ̀, mo jẹ́ kí ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ìmọ́lẹ̀ sì bọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n, sí abẹ́ imú, àti sí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ níbi tí omijé máa ń gbá jọ sí. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pẹ̀lú àlàyé kí n tó fi ọ̀dà kan kánfáàsì, ẹ sì dáhùn pé kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí láti rí ojú àwòrán tó parí nínú fọ́tò amọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi yà mí lẹ́nu pé ìyípadà náà jọ yín lójú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àwòrán èédú yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì wo inú èwo ni egbére ti ń sunkún.

Ní ti àkókò tí iṣẹ́ náà gbà, ẹni tó ń kọ pátákó ìpolówó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ọ̀dà tó ń lò ló yàtọ̀ sí tiwa. Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá sórí okùn ṣe ń gbẹ. Ọ̀dà olómi, irú èyí tí à ń pè ní acrylic, máa ń gbẹ bí omi inú rẹ̀ bá ti fẹ́ lọ, èyí kì í sì í pẹ́. Ṣùgbọ́n òróró linseed, tí wọ́n ń fún láti inú irúgbìn ọ̀gbọ̀, ni wọ́n fi po tiwa. Òróró yìí kì í fẹ́ lọ, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni ó máa ń fà mọ́ra díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi le. Ohun kan náà ni ó ń jẹ́ kí àkísà tí a fi nu òróró yìí lè gbóná fúnra rẹ̀ kí ó sì gbiná bí a bá kó o jọ sí igun ilé, nítorí náà inú agolo omi ni a máa ń ri àkísà wa sí ní ìrọ̀lẹ́. Ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lè ṣeé fọwọ́ kàn lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó dá lórí àwọ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ tí à ń pè ní burnt umber máa ń tètè gbẹ nítorí èròjà kan tó ń jẹ́ manganese tó wà nínú rẹ̀. Pupa alizarin, tí mo fi sínú òkùnkùn igbó kí ó má baà dà bí èédú lásán, máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ìgbà òjò ni mo sì yà á, afẹ́fẹ́ tútù a máa dá ọ̀dà dúró. Ká ní ìgbà ọyẹ́ ni, ì bá yá díẹ̀, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ ì bá ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Òfin kan wà tí ẹni tó ń lo ọ̀dà olóròóró kò gbọdọ̀ rú: òróró inú ìpele òkè gbọ́dọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Bí ti òkè bá ṣáájú ti ìsàlẹ̀ le, tí ti ìsàlẹ̀ sì ṣì ń rìn lábẹ́ rẹ̀, òkè yóò sán. Ẹni tó bá kánjú lè fi àwòrán jíṣẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ó sì máa dán gbinrin lọ́jọ́ tí ẹ gbà á. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni ẹ óò rí ohun tó ṣe. Àwòrán tí ayàwòrán ayé àtijọ́ kan, Jan van Eyck, fi ọ̀dà olóròóró yà sórí pákó óákù ní 1434, ti ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, ṣì wà ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé inú rẹ̀ sì ṣì ń hàn kedere. Nílẹ̀ tiwa, Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, ti ń fi ọ̀dà yìí ya àwọn èèyàn pàtàkì ìlú Èkó nígbà tí ọ̀pọ̀ òbí wa kò tíì dáyé. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ yín bá egbére yìí lára ògiri.

Ìmọ́lẹ̀ ẹní tí ẹ yìn yẹn gan-an ló gba sùúrù jù lọ. Ọ̀dà funfun kì í tàn fúnra rẹ̀. Bí mo bá kàn kun ẹní náà ní funfun, yóò rí bí ohun tí a fi ẹfun pa lára ni. Mo kọ́kọ́ ya gbogbo àwòrán náà pẹ̀lú burnt umber tí mo fi tọpẹntáìnì là, láìsí àwọ̀ mìíràn, kí n lè mọ ibi tí yóò ṣókùnkùn jù àti ibi tí yóò mọ́lẹ̀ jù. Nígbà tí èyí gbẹ, mo fi titanium white tó nípọn fa ẹní náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, koríko kan tẹ̀ lé òmíràn, mo sì fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì ha ibi tí koríko ti ń gba orí ara wọn kọjá. Bí ẹ bá rọra fi ìka kàn án, ẹ óò gbọ́ ọ lọ́wọ́ pé ó yọ sókè. Mo fi í sílẹ̀ títí ó fi le. Lẹ́yìn náà ni mo po yẹ́lò díẹ̀ mọ́ òróró púpọ̀, mo ta á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé funfun náà lórí, mo dúró kí ó gbẹ, mo tún fi àwọ̀ ọsàn ta etí rẹ̀, mo sì tún dúró. Ìmọ́lẹ̀ yàrá yín ló ń gba inú àwọn ìpele wọ̀nyí kọjá, tó ń kan funfun tó wà lábẹ́, tó sì ń padà jáde pẹ̀lú àwọ̀ wúrà tí àlejò yín pè ní iná. Kò sí ọ̀dà tí a lè pò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Òkùnkùn tó yí ẹní náà ká ló sì jẹ́ kí ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Burnt umber àti búlúù ultramarine ni mo fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Òkúta lapis lazuli tí wọ́n ń kó wá láti Afghanistan ni àwọn ayàwòrán ayé àtijọ́ ń lọ̀ láti rí búlúù yìí, ó sì wọ́n lóhun tó ju ẹnu lọ; ní nǹkan bí 1828 ni wọ́n ti rí bí wọ́n ṣe lè máa ṣe é ní ilé iṣẹ́, ọpẹ́lọpẹ́ ìyẹn ni owó àwọn oníbàárà wa fi lè ká a. Omijé ni mo fi parí iṣẹ́: ìlà kan tó ṣókùnkùn díẹ̀ ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, àti ẹyọ funfun kan lókè rẹ̀ tí kò tó orí abẹ́rẹ́.

Ọ̀dà kan náà ló wà níbi tó ń dán àti níbi tó ṣú. Burnt umber máa ń mu òróró, ìpele tó wà lábẹ́ náà sì máa ń fa òróró èyí tó wà lókè, nítorí náà igbó tó wà lápá òsì ṣú, ẹní tí òróró pọ̀ lára rẹ̀ sì ń dán. Fáníìṣì ni yóò mú kí gbogbo rẹ̀ bá ara wọn dọ́gba, yóò sì tún jẹ́ kí ẹ rí ewé àti ẹ̀ka nínú òkùnkùn yẹn tí kò hàn sí yín nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n a kì í fi fáníìṣì bo ọ̀dà olóròóró tí inú rẹ̀ kò tíì le. Oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ni a máa ń dúró, gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ ọ́ sínú ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn férémù.

Ohun tó kan mi jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni ibi tí ẹ ti sọ pé, nítorí ẹ̀rù tó ń ba àwọn ọmọ, ẹ ti fi ọ̀rá wé àwòrán náà, ẹ sì ti gbé e sínú yàrá ẹrù. Ẹ jọ̀wọ́, ìyá wa, ẹ tú u lónìí. Ọ̀rá yẹn ni kò jẹ́ kí òórùn òróró lọ, kò sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí ọ̀dà ń fẹ́ láti fi le débẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òróró linseed tó bá pẹ́ nínú òkùnkùn máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, funfun ojú egbére ni yóò sì kọ́kọ́ fi hàn. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹ má ṣe fòyà: bí ẹ bá gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ń dé, ó máa ń mọ́ padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe sá a sínú oòrùn gangan, ẹ má ṣe fi omi tàbí ọṣẹ nù ún, ẹ má sì gbé e kọ́ sí apá ibi tí èéfín ilé ìdáná ń gbà. Bí àwọn ọmọ kò bá tíì fẹ́ máa bá a pàdé, ògiri yàrá tiyín lè gbà á fún ìgbà díẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí fèrèsé bá wà níbẹ̀.

Bí oṣù mẹ́fà bá pé, ẹ fi ìka tẹ ibi tó nípọn jù lára ẹní náà. Bí kò bá rọ̀, ẹ pè wá. Àwa ni a óò rán ẹni tí yóò wá gbé e n'Íbàdàn, a óò nu eruku ara rẹ̀, a óò fi fáníìṣì sí i, a óò sì dá a padà fún yín láìgba kọ́bọ̀, yálà ẹ yí iye ìràwọ̀ yín padà tàbí ẹ kò yí i. Bí egbére náà kò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn nígbà yẹn pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀ tó ti dọ́gba, ẹ sọ fún wa kí a tó dá a padà, a óò sì jọ jókòó sọ ọ́.